Bàálù mélòó ni Sailor Malan já lulẹ̀ nígbà Ogun Hítílà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀fà. Níbi ìdíje kan tí a kó àwọn ọmọ wa lọ, wọ́n béèrè iye bàálù ọ̀tá tí Sailor Malan, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun lójú òfurufú, já lulẹ̀. Ọmọ wa dáhùn pé 27 ni, àwọn adájọ́ ní 32 ni, a sì pàdánù máàkì. Àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ní àwọn adájọ́ ló gbà á. Wọ́n tún fi kún un pé ènìyàn dúdú bíi tiwa ni ọkùnrin náà, pé ìdí nìyẹn tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ kò fi yẹ́ ẹ sí nígbà tó kú. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Olùkọ́, mo sì bá ọmọ náà kẹ́dùn máàkì rẹ̀. Iye tí ó dá wà nínú àkọsílẹ̀, èyí tí àwọn adájọ́ dì mú náà ti wà nínú ìwé tipẹ́, n ó sì ṣàlàyé bí méjèèjì ṣe lè wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ní ti àbúrò bàbá yín, ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Òótọ́ ni pé wọn kò yẹ́ ọkùnrin náà sí bó ṣe tọ́ nígbà tó kú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní ó fà á kọ́ ni ó fà á. Ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí a kò bá kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí Malan í ṣe, ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yé wa.

Òyìnbó ni Adolph Gysbert Malan. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Wellington, ìlú kan tí wọ́n ti ń gbin àjàrà, tí kò jìnnà sí Cape Town. Ìdílé Afrikaner ni ó ti jáde, ìyẹn àwọn òyìnbó tí baba ńlá wọn ti tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ti ilẹ̀ Faransé wá. Ó ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí ó wọ ọkọ̀ General Botha, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní iṣẹ́ ojú omi, lẹ́yìn ìyẹn ni ó sì di òṣìṣẹ́ lórí àwọn ọkọ̀ òkun ilé-iṣẹ́ Union-Castle. Nítorí pé inú iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni ó ti wá bá wọn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú òfurufú ṣe sọ ọ́ ní Sailor. Bí a bá sì rántí ẹni tí ń jẹ́ Adolf ní ilẹ̀ Jámánì lákòókò yẹn, a óò gbà pé orúkọ ìnagijẹ náà bọ́ sí àsìkò.

Ní 1935, nígbà tí ó hàn gbangba pé Jámánì ń tún ogun rẹ̀ tò, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí RAF, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn awakọ̀ kún awakọ̀. Malan kọ̀wé, wọ́n gbà á. Oṣù January 1936 ni ó kọ́kọ́ gbéra nínú bàálù Tiger Moth nítòsí Bristol, nígbà tí ọdún náà yóò sì fi parí, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ 74, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ń wa bàálù ìjà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àbúrò bàbá yín fetí sí. Ní ọdún tí Malan kọ̀wé yẹn, bí ọmọ Yorùbá kan bá gbọ́n jù ú lọ, tí ojú rẹ̀ mú jù ú lọ, tí ó sì kàwé jù ú lọ, wọn kò ní gbà á, nítorí pé òfin RAF ni pé ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe òyìnbó kò gbọdọ̀ di ọ̀gá ọmọ ogun lábẹ́ wọn. Oṣù October 1939, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ kò sì tó nǹkan mọ́, ni wọ́n tó gbé òfin náà tì. Ọmọ Èkó kan, Peter Adeniyi Thomas, wà lára àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé: òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ tó sì gba ipò ọ̀gá nínú RAF, ní 1942. Ìjàǹbá bàálù ni ó pa á ní 1945, kí ogun tó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Stella Thomas, agbẹjọ́rò tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, ènìyàn dúdú tí àbúrò bàbá yín ń wá wà lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé Thomas ni orúkọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iye bàálù wàyí. Nígbà tí awakọ̀ bá ti ojú ìjà balẹ̀, ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ọ̀gá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gba ìròyìn lọ yóò ti dúró dè é pẹ̀lú pépà. Yóò bi í pé, níbo ni ẹ ti pàdé wọn? Báwo ni ẹ ṣe ga tó? Báwo ni ẹ ṣe jìnnà síra nígbà tí ẹ yìnbọn? Kí ni ẹ fi ojú yín rí kí ẹ tó yí padà? Ta ni ó tún rí i? Lórí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oríṣi mẹ́ta: bàálù tó já dájúdájú, èyí tó jọ pé ó já, àti èyí tó kàn fara gbọgbẹ́. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá jọ yìnbọn fún ẹyọ kan, wọn yóò kọ ọ́ ní àjọjá fún gbogbo wọn.

Nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn olùwádìí gbà jù lọ lónìí, Malan nìkan dá 27 já, ó sì bá àwọn mìíràn jọ já 7. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, 2 wà tí kò rí ẹlẹ́rìí, 3 wà tó jọ pé ó já, 16 sì wà tó fara gbọgbẹ́. Iye 32 jẹ́ èyí tí àwọn ìwé àtijọ́ ń gbé kiri láti ìgbà tí wọn kò tíì fara balẹ̀ ya àdájá kúrò lára àjọjá. Bí ẹnìkan bá sì tún fẹ́ ka àjọjá kọ̀ọ̀kan ní odidi, 34 ni yóò bá bọ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè àwọn adájọ́ yẹn gan-an ni kò pé. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni iye tí ó dá já, bí wọ́n bá sì béèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ni yóò gba máàkì.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà gbà pé 27 yẹn dà bí ìṣirò tí kò lè yẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù September 1940, ọjọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe ìrántí rẹ̀ di òní, wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé àwọn já bàálù Jámánì 185. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n wá yẹ ìwé àwọn ará Jámánì fúnra wọn wò, nǹkan bí 60 ni ohun tí wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ náà jẹ́ òpùrọ́. Bàálù kan ṣoṣo lè máa jó lọ sílẹ̀ kí àwọn mẹ́rin tí wọn kò rí ara wọn ti yìnbọn lù ú láti igun mẹ́rin, kí oníkálukú sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó mọ́ pé òun ni òun pa á. Èéfín dúdú tó sì ń jáde nídìí ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ti ẹni tó tẹ ẹ́ pa kí ó lè sálọ.

Ó kan Malan náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ni ó ṣe Werner Mölders, ògbóǹtarìgì awakọ̀ ìjà Jámánì, léṣe ní ọjọ́ 28 oṣù July 1940, tí onítọ̀hún fi fi tipátipá gbé bàálù rẹ̀ délé. Ìtàn náà dùn mọ́ ènìyàn lẹ́nu, ògbóǹtarìgì méjì pàdé, ọ̀kan ṣẹ́gun. Àwọn olùwádìí tó ti fi aago àti ibi tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wà wé ara wọn gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ awakọ̀ láti ẹgbẹ́ 41 ni ọta rẹ̀ ba Mölders. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà mìíràn tún wà, Marmaduke Pattle, tí ó jà ní Gíríìsì tí ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù April 1941. Bóyá òun gan-an ni ó já bàálù jù nínú gbogbo àwọn tó jà fún Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń pè é ní 40, àwọn mìíràn ní ó lé ní 50, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣòfò nígbà tí wọ́n ń sá kúrò ní Gíríìsì, kò sì sí ẹni tó lè búra.

Ohun tó mú Malan yàtọ̀ lójú èmi kò sí nínú iye. Inú ìjìnnà ni ó wà. Ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́jọ ni ó wà lápá bàálù Spitfire àkọ́kọ́, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Nítorí pé ìbọn wọ̀nyí jìnnà síra, wọ́n ní láti dojú wọn kọ ara wọn díẹ̀ kí ọta wọn lè pàdé níwájú. Àṣẹ tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n pàdé ní nǹkan bí 400 yáàdì, kí wọ́n sì fọ́n káàkiri, lórí ìgbàgbọ́ pé awakọ̀ tí kò mọ ìbọn yìn dáadáa yóò kúkú fi díẹ̀ ba nǹkan. Malan kò gbà. Òun àti àwọn mélòó kan tí ojú wọn ti rí ìjà sọ ọ́ di 250 yáàdì, kí gbogbo ọta mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè gún ojú kan náà. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọdẹ Ìgbómìnà wọ igbó rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ: ọmọdé ọdẹ ní ń yìnbọn gbàrà tí ó bá rí ẹran, àgbà ọdẹ á mú sùúrù títí yóò fi rí ibi tí ọta ti máa wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo bí sùúrù náà ṣe rí. Ọta 300 ni ìbọn kọ̀ọ̀kan gbé, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 2,400. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìbọn mẹ́jọ náà ń tu nǹkan bí 150 jáde. Ìyẹn ni pé bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì mọ́wọ́ kúrò, nígbà tí yóò fi ka oókan dé ẹẹ́rìndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo, ó sì ti di ẹni tí ń ṣeré nínú agbo àwọn tó gbé ìbọn. Malan ní kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ọta bí 300. Wàyí o, bí bàálù rẹ bá fi 100 máìlì ní wákàtí yára ju ti ọ̀tá tí o ń lé lọ, láti 400 yáàdì dé 250 yáàdì kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n nínú mẹ́ta yẹn ni asọ́bàálù tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ń yìnbọn sójú rẹ, tí gíláàsì iwájú rẹ ń tàn yòò, tí gbogbo ara rẹ sì ń sọ fún ọ pé kí o yìn ín kí o yà. Bí o bá dúró kọjá ibẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún mìíràn ni ìwọ àti ẹni iwájú yóò fi gbá ara yín. Àárín sùúrù àti ikú nìyẹn, ibẹ̀ ni Malan sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ṣiṣẹ́.

Ó kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ ní òfin mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ káàkiri àwọn ibùdó bàálù ìjà. Kò gùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀tá súnmọ́ dáadáa; ó ní kí ẹni tó ń yìnbọn má ronú ohun mìíràn; ó ní ẹni tó bá wà lókè ló ni ìpinnu; ó ní kí wọ́n kọjú sí ẹni tó bá ń bọ̀, kí wọ́n má kọ̀yìn sí i; ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa lọ tààrà lórí ìlà kan fún ju 30 ìṣẹ́jú-àáyá lọ níbi tí ogun wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ń wo bàálù kéékèèké àwọn akẹ́kọ̀ọ́ International Aviation College níbí l'Ílọrin, nítorí pé pé kí wọ́n lè lọ tààrà láìgbọ̀n wà lára ohun tí olùkọ́ wọn ń fi gbogbo ọjọ́ kọ́ wọn. Ìwakọ̀ àlàáfíà àti ti ogun kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó tún yí bí wọ́n ṣe ń tò padà. Mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fò tẹ́lẹ̀, tí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń fi gbogbo ojú wọn ṣọ́ apá ẹni tó ṣáájú kí wọ́n má baà gbá a, dípò kí wọ́n máa wá ọ̀tá. Malan sọ tirẹ̀ di mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n lè tètè pín sí méjì-méjì bí ìjà bá dé.

Mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ bí ìtàn akọni, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fo ọjọ́ 6 oṣù September 1939. Ogun kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìkìlọ̀ dé lówùúrọ̀ pé bàálù ọ̀tá ń bọ̀, wọ́n rán ẹgbẹ́ 56 jáde nínú bàálù Hurricane, wọ́n sì rán ẹgbẹ́ 74 jáde nínú Spitfire. Kò sí ọ̀tá kankan lókè. Àṣìṣe ni ìkìlọ̀ náà, bàálù tiwọn-n-tiwọn ni wọ́n rí tí wọ́n pè ní ti Jámánì. Malan ni ó ṣáájú apá kan ẹgbẹ́ 74. Ó pàṣẹ ìkọlù, àwọn méjì nínú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, Paddy Byrne àti John Freeborn, sì já Hurricane méjì lulẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú wọn, Montague Hulton-Harrop, kú. Òun ni awakọ̀ bàálù ìjà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ogun náà pa, ọwọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó sì kú sí.

Wọ́n gbé Byrne àti Freeborn lọ sílé-ẹjọ́ ológun. Malan ní òun ti pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró kí wọ́n tó yìnbọn. Freeborn ní òun kò gbọ́ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Malan sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí fún ìjọba, ó jẹ́rìí lòdì sí ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé aláìfarabalẹ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Freeborn padà di awakọ̀ tó lórúkọ nínú ẹgbẹ́ kan náà, lábẹ́ Malan kan náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú títí ó fi di arúgbó. Nílé wa níbí, bí ọmọ bá ṣẹ̀ níbi tí àgbà rán an lọ, àgbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn lára Malan, n kò lè gbè é lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan tó dá mi lójú ni pé àṣìṣe ọjọ́ náà ni ó fi han gbogbo wọn pé rédà àti àṣẹ orí afẹ́fẹ́ kò tíì gún régé, kí àwọn ará Jámánì fúnra wọn tó dé.

Wọ́n sì dé ní 1940. Lórí Dunkirk, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Faransé, ní ìparí oṣù May, Malan já bàálù tó tó fún un láti gba àmì ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross. Ní òru kan nínú oṣù June, òṣùpá ràn, àwọn ajubọ́ǹbù Jámánì ń kọjá lórí Essex níbi tí ìdílé tirẹ̀ wà. Ó tọrọ àyè, ó gbéra lóun nìkan nínú Spitfire tí wọn kò ṣe fún ìjà òru, ó sì já Heinkel méjì lulẹ̀. Ìyẹn ni ó mú kí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Wọn kì í fún ènìyàn ní odidi òmíràn, ọ̀pá fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń fi há okùn ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù August wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ 74. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà gbéra lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ kan, wọ́n sì ní àwọn ba bàálù 38 jẹ́ tàbí àwọn já a. Ẹ ti mọ bí ẹ ó ṣe gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀ báyìí. Kí ọdún 1940 tó parí, ó gba àmì ẹ̀yẹ mìíràn, Distinguished Service Order, ó sì gba ìkejì rẹ̀ ní oṣù July 1941.

Ìyókù iṣẹ́ ogun rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní oṣù March 1941 ó di ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ púpọ̀ pọ̀ lójú òfurufú, ní Biggin Hill, ibùdó bàálù ìjà kan nítòsí London. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò lójú ìjà ní àárín ọdún náà, kò sí ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọjá tirẹ̀ nínú àwọn tó ń gbèjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lọ bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ó padà wá ṣe ọ̀gá ibùdó Biggin Hill ní 1943, ó sì ṣe olórí àwọn awakọ̀ Faransé tó sá wá bá Gẹ̀ẹ́sì jà, nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy, etíkun ilẹ̀ Faransé, ní 1944. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1946 ní ipò Group Captain, ó padà sílé, ó sì ń sin àgùntàn nítòsí Kimberley.

Ilé tí ó padà sí ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín kẹta. Ní 1948, ẹgbẹ́ òṣèlú National Party, lábẹ́ àlùfáà kan tí òun náà ń jẹ́ Malan, Daniel François Malan, gba ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ apartheid. Ní ẹkùn Cape, àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó, ti àwọn onílẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ibòmíràn pàdé lára wọn, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò pẹ̀lú òyìnbó láti 1853, bí wọ́n bá ní ohun ìní tàbí owó iṣẹ́ tí òfin béèrè. Òfin tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní 1910 sì ní kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀tọ́ náà láìjẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì tó jókòó pọ̀ fọwọ́ sí i. Ní 1951, ìjọba gbé òfin kalẹ̀ láti yọ wọ́n kúrò láìní iye náà lọ́wọ́.

Àwọn tó ti ogun dé ni wọ́n kọ́kọ́ fárígá. Wọ́n ń rìn lóru pẹ̀lú ètùfù lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ayé fi mọ̀ wọ́n sí Torch Commando, Sailor Malan sì ni wọ́n fi ṣe ààrẹ wọn. Nígbà tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú gbọ̀ngàn ìlú Johannesburg, àwọn ènìyàn tó nǹkan bí 75,000. Ìjọba kò lè pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ojo, wọn kò sì lè pè é ní àjèjì, nítorí pé Afrikaner bíi tiwọn ni, orúkọ olórí ìjọba gan-an ni ó ń jẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ga jù, wọ́n ní àwọn lé ní 200,000.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní àléébù tó tóbi. Ẹ̀tọ́ àwọn Coloured ni wọ́n ní àwọn ń jà fún, síbẹ̀ wọn kò lè fẹnu kò lórí bóyá kí àwọn Coloured tó bá wọn jagun wọ ẹgbẹ́ náà ní dọ́gbandọ́gba. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ìwé ìdìbò kan náà ní 1936, kò tilẹ̀ sí lára ohun tí wọ́n gbé síwájú. Bí a bá pe Malan ní ọ̀tá apartheid, a kò purọ́, ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè ni ó ń gbèjà ju gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lọ. Nígbà tí National Party tún wọlé pẹ̀lú àṣeyọrí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú ìdìbò 1953, ẹgbẹ́ náà tú ká, Malan sì padà sídìí àgùntàn rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ti fagi lé òfin náà ní 1952, ìjọba kò sì dákẹ́: wọ́n fi àwọn ènìyàn wọn kún ilé aṣòfin àgbà títí wọ́n fi rí ìdá méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n ń wá. Ní 1956, wọ́n yọ àwọn Coloured kúrò.

Àìsàn agbọ̀nrìrì tí wọ́n ń pè ní Parkinson ni ó pa Sailor Malan, ní ọjọ́ 17 oṣù September 1963. Ìjọba náà ṣì wà lórí àga. Wọn kò sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ọ̀gá ológun, wọn kò sì gbà kí àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà wọ aṣọ iṣẹ́ wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kà sílẹ̀ ṣáájú, ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fún un; lójú àwọn tó ń ṣèjọba nílé rẹ̀ lákòókò yẹn, Afrikaner tó jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó tún wá darí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ètùfù kọ wọ́n lójú, kò ní ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ sọ fún àbúrò bàbá yín pé ohun tí ó ṣe ni wọ́n fi kà á sí ọ̀tá, kì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀.